Orúkọ Ọlọ́run Létí Owó Tíì

Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002 ni ẹnikẹ́ni ti lè ná owó ẹyọ yúrò méjì tí ilẹ̀ Netherlands ṣe ní Dublin. Wọ́n fín "Kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú wa" sí etí rẹ̀ lédè Dutch. Mo ti wò ó fúnra mi.

Kòfowórọlá, nọ́ọ̀sì kan ní Clondalkin, kò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́. Síbẹ̀, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń fi mọ́tò gbé ìyá rẹ̀, tí orúnkún ń dà láàmú, láti Tyrrelstown lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó na irú owó yìí sí Díákónì Caleb tó ń ta tíì lẹ́yìn ìsìn. Caleb gbé e sókè.

"Sister, orúkọ Ẹni tí ẹ kọ̀ ló wà létí owó yìí. Kí lẹ wá ń fi ra tíì?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

"Owó iṣẹ́ mi ni, sà."

"Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, inú mọ́tò ni kẹ́ ẹ ti máa dúró. Ẹ máa ba àwọn ọmọ wa jẹ́."

Mo wá òfin ṣọ́ọ̀ṣì tó sọ bẹ́ẹ̀, n kò rí i.

Ìyá gbé ife tirẹ̀ kalẹ̀. "Díákónì, àdúgbò kan náà la jọ ń gbé. Mo bẹ̀ yín títí kẹ́ ẹ máa gbé mi wá. Nínú gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbàgbọ́, ta ló gbé mi rí?"