Àwọn Onígìtá Aláṣọ Pupa

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé yìí. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, ọkọ mi wà lára wọn, ṣùgbọ́n òun ló ṣíwájú.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni mo wà nígbà náà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan wà tí wọ́n ń ta gìtá oníná, tí wọ́n ń kọ orin rọ́ọ̀kì ní èdè wa, orin tó ń bú bí ààrá. Orí rédíò ni mo ti kọ́ gbogbo orin wọn. Nígbà tí a gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá sí Kàbà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Wọ́n lẹ àwòrán wọn mọ́ ògiri ọjà. Olórí wọn da aṣọ pupa kan bo èjìká, aṣọ náà ní wajawaja létí.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti rí mi mú. Kò sí ọmọ Okun, àwa Yorùbá agbègbè Kàbà, tí kò mọ aṣọ ipó, aṣọ pupa tí àwọn obìnrin Bùnú ń hun, tí a fi ń sin òkú ọlọ́lá, tí egúngún sì ń wọ̀. Ó mú bàbá wa lọ sí ọjà, ó nawọ́ sí àwòrán náà.

"Bàbá, ẹ wo ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣé obìnrin a máa wo irú èyí?"

Bàbá wa kò kàwé. Ó ní n kò gbọdọ̀ jáde. Mo ṣàlàyé títí, mo ní àwọn obìnrin kọ́ ló ń hun aṣọ ọ̀hún ni?

"Ẹni tó hun ún pàápàá kì í wo eégún tó wọ̀ ọ́," ni bàbá wí. "Ìwọ wá ta ni?"

Nígbà tí ọjọ́ eré náà pé, ẹ̀gbọ́n mi nu bàtà rẹ̀, ó lọ wò wọ́n.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ìkómọ, kò sí ìsìnkú nínú ẹbí wa tí kò ti sọ ìtàn náà: bí olórí wọn ṣe gbé gìtá sẹ́yìn orí tó ń ta á, bí àwọn ọmọge ṣe ń dákú. "Àbúrò, ohun tí o pàdánù, ẹnu ò lè sọ ọ́." Mo di ìyàwó, ó ń sọ ọ́. Ọkọ mi kó àwọn àwo orin mi fún àbúrò rẹ̀, ó ní kò yẹ ìyàwó ilé. Mo di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, mo di opó, ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń sọ ọ́.

Lọ́dún yìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́ ń ṣe àjọ̀dún, wọ́n sì pe àwọn onígìtá náà. Mo ti rò pé wọ́n ti kú tán. Wọ́n fi èmi olùkọ́ àtijọ́ jókòó níwájú, nínú oòrùn ọ̀sán. Àwọn arúgbó mẹ́rin gun orí pèpéle. Ọ̀pá ni olórí wọn fi ń rìn, ẹlòmíràn ló gbé gìtá kọ́ ọ lọ́rùn. Aṣọ pupa náà rèé, kì í ṣe ipó rárá, fẹ́lífẹ́ẹ̀tì lásán ni, irú èyí tí wọ́n fi ń rán kọ́tìnì. Ojú tì mí fún wọn. Ṣé èyí ni mo ti ń dúró dè?

"Okun o!" ó kí wa. Gbogbo pápá dáhùn. Ó wá fọwọ́ kan okùn gìtá.

Ohùn náà kò gba etí wọlé, àyà ló gbà. Àga tí mo jókòó lé ń gbọ̀n. Àwọn àdàbà orí páànù fò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ìka olórí wọn tó ti wọ́ ń sáré bí ọ̀kẹ́rẹ́ lórí ẹ̀ka. Ohùn rẹ̀ ti sán, ṣùgbọ́n ibi tó ti sán gan-an ni orin náà ti ń gba ìmọ́lẹ̀. N kò mọ ìgbà tí mo dìde.

"Ìyé, ẹ rọra, ìbàdí yín!" ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ ń pariwo.

"Fi ìbàdí mi sílẹ̀. Òun náà ń gbọ́ orin."

Mo sunkún bí ọmọdé, n kò sì wá ibi fi ojú pamọ́ sí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ kó dùn ún. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò lè gbé gìtá sẹ́yìn orí mọ́. Báwo ló ṣe ṣe é lọ́jọ́ tiyín?"

Ó ṣí fìlà, ó tún dé e.

"Àbúrò mi, òjò dé lọ́jọ́ náà kí wọ́n tó fọwọ́ kan gìtá rárá. Gbogbo wa sá wálé. N kò rí wọn rí. Jókòó, sọ ti orin àkọ́kọ́ yẹn fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i."