Orin Tí A Rán Mọ́ Ọ̀fun Bàbá

Télọ̀ ni obìnrin náà, kò sì sí ohun tó kórìíra tó kí èèyàn máa tú iṣẹ́ tí òun ti rán parí. Iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì mọ̀ jù láyé nìyẹn. Bọ́tìnnì ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n yìí. Ojú funfun kíbọ́ọ̀dù nìkan ló mọ̀ ọ́n tẹ̀. Bí orin bá fẹ́ ga, yóò tẹ bọ́tìnnì kékeré kan, ẹ̀rọ náà á sì bá a gbé gbogbo ohùn sókè. Ó wá sọ ọ̀lẹ di ẹ̀bùn: kò sí orin tí kì í tẹ bọ́tìnnì fún tó bá ti kù díẹ̀ kó parí.

Bàbá wọn, káfíńtà, ń fẹ̀yìn tì. Nígbà kan, orin rẹ̀ a máa borí ariwo ayùn, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́fun, kò kọrin lójú èèyàn mọ́. Ó pe Télọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó máa ń fi gìtá ṣe orin.

"Bá mi ṣe orin kan tí màá lè kọ dópin níwájú àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni káàánú mi."

Télọ̀ gbé gìtá, ó wọn ohùn bàbá rẹ̀ bí ẹni tó ń wọn àyà oníbàárà. Ní kíì C, ibi gíga tó kọ́kọ́ gbé orin sí, iṣan ọrùn bàbá yọ. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí B, ikọ́ dé. Ní A, bàbá gòkè, ó sọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ló fi orin náà sí. Kọ́ọ̀dù mẹ́ta péré ló fi sí i: ti dò ni ilé, ti fà ni ọ̀dẹ̀dẹ̀, ti sò sì ni ẹnu ọ̀nà tó ń fa olórin padà wọlé. Ibi yòówù tí bàbá bá dé, yóò máa gbọ́ ilé.

Bọ́tìnnì gbọ́ orin náà, ó yínmú.

"Ó gbẹ. Jẹ́ kí n ki kọ́ọ̀dù díẹ̀ sí i láàárín."

Ó ki kọ́ọ̀dù sí i nígbà tí wọ́n ń dánra wò, títí bàbá fi ṣi ilé wọ̀. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, kọ́ọ̀dù mẹ́ta ni. Ẹ má sì tẹ bọ́tìnnì yẹn."

"Ṣé ìwọ tó ń rán ṣòkòtò lo fẹ́ kọ́ mi ní kíbọ́ọ̀dù?"

"Ṣòkòtò tí mo rán kì í ṣàdédé ga mọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Bọ́tìnnì ní òun ti gbọ́. Etí ikún ló fi gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ ìdágbére, wọ́n ti àwọn àga tí kò tíì parí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Bọ́tìnnì jókòó ti kíbọ́ọ̀dù, Télọ̀ gbé gìtá kọ́rùn. Bàbá kọ ẹsẹ kìíní, ó kọ ìkejì, ohùn rẹ̀ kéré ṣùgbọ́n ó dúró. Àwọn káfíńtà ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń gbe orin. Àtẹ́wọ́ náà gun Bọ́tìnnì. Bí ẹsẹ ìkẹyìn ṣe bẹ̀rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì. Orin gòkè sí B, níbi tí ikọ́ ń gbé. Gbogbo ilé tẹ̀ lé e.

Bàbá nìkan ló dúró sí A. Òun nìkan ló tọ̀nà, òun sì ni wọ́n ń wò.

"Àìsàn yẹn mà ba ohùn rẹ̀ jẹ́ o," ọ̀kan nínú wọn sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó ṣeni láàánú."

Bàbá gbọ́. Ó dá orin dúró.

Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa wáyà kíbọ́ọ̀dù yọ lára ògiri. Kíbọ́ọ̀dù kú, orin sì dá. Ó ta kọ́ọ̀dù ilé lórí gìtá, ní A, ó tún un ta. Bàbá wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ ìkẹyìn láti orí. Ó kọ ọ́ dópin.

"Ta ló pa kíbọ́ọ̀dù mi?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"O dójú tì mí! Gbogbo èèyàn ló ń gbádùn ẹ̀!"

"Bàbá ńkọ́?"

Bọ́tìnnì ń wo bọ́tìnnì. Télọ̀ ká wáyà náà sínú báàgì rẹ̀, láàárín sísọ́ọ̀sì àti òwú. Kò tọrọ àforíjì, kò sì dá wáyà padà.