Ràmọ́nù Gbé Ilẹ̀kùn Mọ́tò Lọ sí Ìbàdàn

"Bàbá Sàídátù, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ máa ń dijú tí ẹ bá ń fọwọ́ pa mọ́tò lára?"

Bọ́látitó, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan tó ń ti ilé ìwé bọ̀. Ó ti tó oṣù méjì tí ìbéèrè náà ti ń yún un lẹ́nu. Ràmọ́nù, bàbá Sàídátù, tó ń kun mọ́tò tó sì ń pọ́líìṣì wọn lẹ́bàá ọ̀nà Ìwó ní Èjìgbò, lajú. Kó tó sọ̀rọ̀, Ògúnrìndé wẹ́dà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tirẹ̀, ti gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Oorun ló ń sùn, jàre! Ṣé o rò pé orí ẹní nìkan ni ọ̀lẹ ti ń sùn ni?"

Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti ọmọ náà, ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ràmọ́nù náà rẹ́rìn-ín, ó sì padà sídìí àkísà rẹ̀.

Ọdún 1974 nìyẹn. Ọwọ́ lásán ni Ràmọ́nù fi ń ṣiṣẹ́. Yóò da pọ́líìṣì sórí àkísà, yóò máa fi ra ara mọ́tò ní òbìrí-òbìrí, láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi yẹ̀ lórí. Ogún ọdún ló ti fi ṣe é nígbà náà. Ọwọ́ kì í ṣe irin. Èjìká ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ìrora náà sì ń le sí i, títí ó fi di pé bó bá fẹ́ kírun, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń dé etí rẹ̀. Ràfíátù ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a wọ bùbá. Dókítà tó lọ rí ní Òṣogbo kò fọ̀rọ̀ gùn: "Ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yìí sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọwọ́ ni yóò fi yín sílẹ̀."

Oko bàbá rẹ̀ wà ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò lè gbé àkísà, ṣé ebè ni yóò wá kọ? Ohun kan ṣoṣo tó lè mú un dúró nídìí iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ oníná tí wọ́n fi ń pọ́líìṣì mọ́tò. Ògúnrìndé ní jẹnẹrétọ̀, ó sì ti ṣèlérí láti máa fún un níná.

Ràmọ́nù kì í ra ohun tí kò tíì rí iṣẹ́ rẹ̀. Ó tú ilẹ̀kùn kan lára ògbólógbòó Píjó tó ti kú sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó kùn ún ní ọ̀dà dúdú, ó jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ó sì gbé e wọ ọkọ̀ Ìbàdàn.

"Bàbá," ni kọ̀ńdọ́ wí, "ilẹ̀kùn ti dé. Ẹ sọ fún ìyókù mọ́tò náà kó yára, a fẹ́ máa lọ!"

Ní Ìbàdàn, Ìyá Olúrántí, tó ń ta irinṣẹ́ mọ́tò, gbé ẹ̀rọ méjì sílẹ̀ fún un. Èyí àkọ́kọ́, ará Jámánì ni, ó wúwo bí ọmọ ọdún méjì tó ti sùn lọ, jẹ́jẹ́ ló sì ń yí. Èkejì fúyẹ́, kò lórúkọ lára, owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́, ó ń sáré yí, ó sì ń ké fíìì.

"Èyí ni wọ́n ń rà báyìí," ni obìnrin náà wí, ó ń tọ́ka sí èyí tó fúyẹ́. "Ọ̀kan ń rìn bí ìjàpá, èkejì ń sáré bí ẹtu. Èwo lẹ óò gùn?"

Ràmọ́nù fi èyí tó wúwo pọ́líìṣì apá kan ilẹ̀kùn náà, ó fi èyí tó fúyẹ́ ṣe apá kejì. Èyí tó fúyẹ́ ti parí tirẹ̀ kíá. Apá ibẹ̀ ń dán débi pé Ràmọ́nù lè ka irùngbọ̀n ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Owó tó wà lápò rẹ̀ tó rà á, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń wọ àpò lọ. Àfi bó ṣe dijú, bí iṣe rẹ̀, tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀kùn náà.

Apá tó ń dán yẹn gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Létí ibi tí irin ti ṣẹ́po, ọ̀dà ti fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin. Apá kejì kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni.

"Ó ń jó ọ̀dà," ni Ràmọ́nù wí.

"Ọ̀dà wo? Ṣé ojú yín kò rí bó ṣe ń dán ni?"

"Ojú mi rí i, ìyá. Ọwọ́ mi ni kò gbà."

Owó rẹ̀ kò tó ra ará Jámánì. Ó gbé ilẹ̀kùn rẹ̀, ó padà sílé.

"Ilẹ̀kùn lọ sí Ìbàdàn, ilẹ̀kùn bọ̀!" ni Ògúnrìndé ń pariwo. "Òun kúkú ti rí ìlú ńlá!"

Nílé, ó sọ fún Ràfíátù pé òun fẹ́ ta alùpùpù Hóńdà òun.

"Èyí tí ẹ fi ń gbé mi lọ sí ọjà Ola?"

"Ẹsẹ̀ wa ṣì wà."

"Tiyín ló ṣì wà. Hóńdà ti mọ́ tèmi lára."

Ó bínú wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ràmọ́nù bá a lẹ́yìnkùlé, ó ń fi kàn-ìn-kàn-ìn fọ alùpùpù náà. "Bí a óò bá tà á," ni obìnrin náà wí láì gbójú sókè, "ẹ jẹ́ kó mọ́ kí wọ́n má baà rẹ́ wa jẹ."

Báyìí ni ará Jámánì ṣe dé Èjìgbò. Mọ́tò àkọ́kọ́ tí Ràmọ́nù fi ẹ̀rọ náà pọ́líìṣì ni Píjó dúdú tí Oyèbọ̀dé, ọmọ Èjìgbò tó ń ṣòwò ní Àbíjàn, gbé wálé wá ṣọdún Ògìyán. Oyèbọ̀dé ń yí mọ́tò rẹ̀ po, ó ń fi èdè Faransé bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra: "Dúsúmáà, ẹ̀gbọ́n, dúsúmáà o!" Rírọra gan-an sì ni. Ẹ̀rọ náà gbé ìwúwo ara rẹ̀ lé mọ́tò, ọwọ́ òsì ló ń darí rẹ̀, èjìká ọ̀tún ń sinmi. Kó tó di àkókò ìrun àsárì, iṣẹ́ ti parí. Ògúnrìndé pa jẹnẹrétọ̀, ó yí mọ́tò náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún fìlà rẹ̀ ṣe nínú dídán rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọwọ́ méjèèjì ti ń dé etí nídìí ìrun.

Ní ọdún 1979, Bọ́látitó fẹ́ lọ sí ilé ìwé àwọn olùkọ́ni. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù Ràmọ́nù láti kí i pé ó dìgbà. Ó kúnlẹ̀, ó sì fẹ́ dìde, ni Ràmọ́nù bá pa ẹ̀rọ rẹ̀.

"O bi mí ní ìbéèrè kan nígbà tí o wà ní kékeré. Mi ò dá ọ lóhùn, torí èmi gan-an kò tíì mọ̀ ọ́n. Ìbàdàn ni mo ti mọ̀ ọ́n, níwájú ilẹ̀kùn tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ torí rẹ̀ ra ìrakúrà. Bí mọ́tò bá ti ń dán, ọmọ mi, tí mo bá lajú, ara mi ni mò ń rí níbẹ̀. Mo máa ń dijú kí n lè rí mọ́tò."