Bàbá Tí Kò Jáde Wá Bẹ̀ Mí

Háà, Bàbá mi! Ṣé bí ẹ ṣe lọ nìyẹn? Ẹ lọ láìsọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí mo ti ń retí láti ọdún mẹ́ta! Ikú ò tilẹ̀ jẹ́ kí n bá yín jà tán.

Fẹ́mi, àbúrò mi, ní kí n kọ ọ̀rọ̀ dídùn sínú ìwé ìsìnkú yìí, pé àwọn ará ìjọ yóò kà á. Kí wọ́n kà á. Èmi ni mo mọ̀ yín, èmi Àdùkẹ́, àkọ́bí yín, tí mo bá yín jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní Dansoman, nílùú Accra, títí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀.

Bàbá Télọ̀, ta ni kò mọ̀ yín? Ọ̀gá nídìí abẹ́rẹ́, Alata, bí àwọn ará Gáà ṣe ń pe àwa Yorùbá, tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ trotro láti ọ̀nà jíjìn wá bá kó rán aṣọ ìgbéyàwó wọn. Olùkọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí kì í fi ẹnu lásán kọ́ ọmọ. Ìtàn ọmọ onínàákúnàá lẹ fẹ́ràn jù, a sì máa ń fi í ṣe eré nílé. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, tí a bá ti ti ìsìn dé, Fẹ́mi ni ọmọ tó sá nílé. Yóò gbé àpò, yóò rìn dé ẹnu géètì, yóò jókòó ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí Màámi kó síbẹ̀ bí oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ìgbà kan wà tó jẹ ẹ́ ní tòótọ́, ó sì bì. Bó bá ti yíjú sílé báyìí, ẹ̀yin àgbàlagbà yóò ki eré mọ́lẹ̀, ẹ ó dì mọ́ ọn, ẹ ó gbé agbádá tí ẹ fi àjákù aṣọ ojú fèrèsé rán wọ̀ ọ́. Kẹ́ńkè àti ẹja díndín ni màlúù àbọ́pa wa.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n tó ń bínú. Màá dúró síta, màá káwọ́ pọ̀, màá fa ojú ro. Ẹ ó jáde tọ̀ mí wá, ẹ ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì: "Àdùkẹ́ mi, jọ̀ọ́, má bínú. Ilé yìí, tìrẹ ni. Wọlé, kí ẹja má tutù." Ẹ sọ fún wa pé ibẹ̀ gan-an ni kókó ìtàn náà wà: bàbá tó sáré pàdé ọmọ kan kò gbàgbé èyí tó wà níta. Mo gbà yín gbọ́.

Fẹ́mi dàgbà tán, ó ṣe eré náà ní gidi. Ó ta méjì nínú ẹ̀rọ mẹ́ta tí ẹ ní, ó gba ọ̀nà Àbíjàn lọ. Ọdún mẹ́fà! Màámi kú, kò sí nílé. Ẹsẹ̀ yín kan rọ, kò sí nílé. Èmi ni mo jókòó ti ẹ̀rọ tó kù, èmi ni mo ń wẹ̀ fún yín, èmi ni mo sọ fún ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi pé kó ní sùúrù. Ó ní sùúrù títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Sátidé kan, mo ra òwú àti síìpù ní ọjà Madina bọ̀, mo gbọ́ orin nínú ilé. Fẹ́mi ti dé láti àárọ̀. Wọ́n ti pa ewúrẹ́, kò sí ẹni tó pè mí lórí fóònù. Mi ò wọlé. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo ń wo ilẹ̀kùn, ó dá mi lójú pé ẹ ó tiro jáde. Àgbà obìnrin bíi tèmi, mo ń retí bí ọmọ ọdún méje.

Àǹtí Bísí, àbúrò yín, ló jáde. Wọ́n ní ẹ ní kí àwọn sọ fún mi pé bàbá kì í bẹ ọmọ, kí n wọlé wá bu ọbẹ̀.

Bàbá kì í bẹ ọmọ! Àṣà wa ni, mo mọ̀. Ta ló wá ń dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì nígbà yẹn? Eré ni, àbí?

Láti ọjọ́ náà, mi ò fi oúnjẹ ilé yín kan ẹnu. Mo ń sè é, mo ń gbé e fún yín, mo ń bá tèmi lọ. Ẹ ń rí mi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹran tó tóbi jù sí ẹ̀gbẹ́ àwo, ẹ ó ti àwo náà sọ́dọ̀ mi láìsọ̀rọ̀. Ológbò ni mò ń gbé e fún. Fẹ́mi ní ẹran yẹn ni ẹ̀bẹ̀ yín. Ó rọrùn fún un láti sọ, òun lẹ pa ewúrẹ́ fún. Ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu yín ni mo fẹ́ gbọ́.

Ẹ̀yin òbí tó ń ka èyí, ẹ má kọ́ ọmọ ní ohun tí apá yín ò ní ká tó bá dàgbà. Ọmọ kì í gbàgbé.

Láàárọ̀ tí ẹ lọ, ẹ pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo sún mọ́ yín. Ètè yín ń gbọ̀n, mo tẹ́tí. Ẹ ní kí n bá yín ṣí fèrèsé. Mo ṣí i. Kí n tó yíjú padà, ẹ ti lọ. Bóyá ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ náà ló kàn, mi ò mọ̀, mi ò sì ní mọ̀ ọ́n láéláé, ìyẹn ló ń bí mi nínú jù. Mi ò tíì dárí jì yín, Bàbá, mi ò sì ní purọ́ níwájú pósí yín. Ẹ sùn re o.