Mọ́ín-mọ́ín Tí Bàbá Mi Gbé fún Àna

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni bàbá mi ń ṣe ní Bẹyẹrúnká: àwọn ló ń fọwọ́ ṣe ọnà sọ́rùn agbádá. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì bá yọ abẹ́rẹ́ tiẹ̀, bàtà ni wọ́n ń wá. Ìgbà tí ìtọ̀ ṣúgà dé ojú wọn, tí wọn ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ni wọ́n tó gbà láti máa gún abẹ́rẹ́ ínsúlínì tó ń mú ṣúgà ara wálẹ̀: ọ̀kan ṣáájú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, òmíràn bí wọ́n bá fẹ́ sùn.

Dókítà ní, "Bàbá, bí ẹ bá ń gún un déédéé, ó máa dáàbò bo ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gún un tẹ́ ẹ ò jẹun, ṣúgà ara yín á wálẹ̀ jù. Ẹ lè máa sọ ìsọkúsọ, ẹ tiẹ̀ lè dákú."

"Èmi tí mi ò jẹun kẹ̀?" Bàbá dáhùn. Mo rẹ́rìn-ín, torí èmi ni mò ń fọ ìkòkò nílé.

Nígbà tó yá, Bàbá tún ń fòwú bọ abẹ́rẹ́ fúnra wọn. Wọ́n tún sanra. Mo ní kí wọ́n kúkú máa wọ agbádá oníbàárà, ni wọ́n bá sọ òwú lù mí.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, wọ́n gún abẹ́rẹ́ tán, mo gbé mọ́ín-mọ́ín àti ẹ̀kọ síwájú wọn, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ni bàbá ọkọ àfẹ́sọ́nà Qúdrát, ẹ̀gbọ́n mi, bá wọlé láti Òjé. Ta ní ń jẹun kí àna máa wòran? Bàbá gbé gbogbo oúnjẹ fún àlejò.

"Ẹ jẹun, àna. A ti yó."

Nígbà tí mo padà wọlé, òógùn ti bo Bàbá, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n sì tẹjú mọ́ àna bí ẹni rí olè.

"Mọ́ín-mọ́ín mi lẹ jẹ yẹn. Qúdrát ò lọ sílé yín mọ́. Ẹ máa jẹ òun náà ni."

Àna rọra gbé ṣíbí sílẹ̀. Mo sáré po ṣúgà mómi.

"Bàbá, ẹ mu ún."

"Dókítà ní kí n má mu ṣúgà."

"Tòní yàtọ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n mu ún. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ojú wọn wálẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín sí àlejò. "Háà, àna, ẹ káàbọ̀. Ìgbà wo lẹ dé?"

Mo ṣàlàyé títí àna fi rẹ́rìn-ín, tó sún ẹ̀kọ tó kù síwájú Bàbá.

Àmọ́ nígbà tí àna lọ, Bàbá ní àwọn ò gún un mọ́. "Abẹ́rẹ́ tó ń mú mi bú àna?"

Mo gbé agbádá tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ lé wọn nítan. "Ta ló fòwú bọ abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ fi ṣe èyí?"

Wọ́n fọwọ́ tọ ọnà ọrùn rẹ̀, wọ́n ní kí n lọ gbé abẹ́rẹ́ alẹ́ wá.

Lọ́jọ́ ìdána Qúdrát, Bàbá gún abẹ́rẹ́ wọn, wọ́n jókòó sáàárín àwọn àna, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun kí àlejò kankan tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

"Ẹ má bínú," wọ́n wí. "Bàbá ọkọ ìyàwó mọ̀ mí bébi bá ń pa mí."