Ọkọ̀ Agolo Tó Tò Síwájú Lọ́rì

Lọ́dún tí epo bẹntiróòlù wọ́n, tí èèyàn ń fi odindi ọjọ́ dúró dè é, ìlà ọkọ̀ gùn láti ilé epo kan ní Oǹdó títí ó fi kọjá ṣọ́ọ̀ṣì. Pijó wà níbẹ̀, takisí wà níbẹ̀. Láàárín Pijó kan àti lọ́rì kan tó kó apákó, ọkọ̀ pupa kan náà wà níbẹ̀ tí kò ga ju kókósẹ̀ lọ. Agolo sadíìnì ni wọ́n fi ṣe é. Olóògbé Olúgbémiga Akíntóyè, tí gbogbo wa ń pè ní Tíṣà Alágolo, ló dúró tì í nínú kóòtù àti táì. Monílọ́lá, ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún, ló di okùn ọkọ̀ náà mú.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà kí n sún síwájú!” Táíyé tó ń wa lọ́rì ló pariwo bẹ́ẹ̀.

Bí inú bá ń bí Tíṣà, kì í sọ èdè Oǹdó mọ́. Yorùbá inú Bíbélì ló máa ń sọ. “Ọ̀gbẹ́ni, ìwọ kò ha rí i pé orí ìlà ni àwa wà?”

“Ìlà ọkọ̀ mà ni, sà!”

“Kí wá ni èyí? Ewúrẹ́? Táyà mẹ́rin ló ní. Tìrẹ ńkọ́, mélòó ló ṣì ní atẹ́gùn nínú?”

Táíyé yọjú wo táyà rẹ̀.

Kí ẹ tó ní orí bàbá náà ti dàrú, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkọ̀ yẹn ṣe dáyé. Ìbídùnní, ọmọ Tíṣà, ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́. Oṣù mẹ́rin ni wọn ò san owó oṣù. Ló bá gbé Monílọ́lá wá sí Oǹdó kó lè rí oúnjẹ jẹ lọ́dọ̀ àwọn òbí òun, ó ní òun á wá wò ó ní Sátidé. Sátidé dé, kò wá. Èkejì, kò wá. Ọkọ̀ ti gbówó lórí. Ní ẹ̀kẹta, ọmọ náà fi àwo oúnjẹ sílẹ̀, kò jẹ ẹ́.

“Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ ká ṣe mọ́tò. Mo fẹ́ lọ gbé mọ́mì mi.”

Ọgbọ̀n ọdún ni Tíṣà fi kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ọwọ́ nílé ìwé, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í bá a létí kó má dìde. Wọ́n mú agolo, wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ọ̀pá táyà, wọ́n sì gé táyà lára sílípáàsì ìyàwó rẹ̀.

Ìyá Ìbídùnní jí, ó rí ẹyọ kan péré. “Bàbá Ìbídùnní, ṣé ẹsẹ̀ kan ni mo ní ni?”

“Mi ò fọwọ́ kan tọ̀tún rárá,” ni Tíṣà dáhùn, bí ẹni tó ṣe é lóore.

Wọ́n kọ́kọ́ gé táyà náà, kò dọ́gba. Bí wọ́n bá fà á, ńṣe ló máa ń pòòyì. Monílọ́lá ní, “Kò fẹ́ lọ Àkúrẹ́.” Tíṣà ní tipátipá ni yóò lọ, ó tún un gé. Ó rìn dáadáa. Wọ́n kùn ún ní ọ̀dà pupa. Ọmọ náà wò ó títí, ó ní, “Kò lépo.”

Tíṣà náà wò ó. “Òótọ́ ni.”

Bí wọ́n ṣe dé orí ìlà nìyẹn ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ó lé ní wákàtí mẹ́rin kí wọ́n tó kan Adépéjú, ọmọge tó ń ta epo.

“Bàbá, a kì í ta epo fún agolo o.”

“Kẹ́ẹ̀gì lo ti ń da epo sí láti àárọ̀. Kẹ́ẹ̀gì ló wá ní táyà?”

Gbogbo ilé epo bú sẹ́rìn-ín. Táíyé ò rín ní tiẹ̀. Ó fi ìbínú bọ́ sílẹ̀ láti lọ́rì, ó lóṣòó níwájú ọmọ náà. “Dẹ́rẹ́bà, ibo lò ń lọ gan-an?”

“Àkúrẹ́. Mo fẹ́ lọ gbé mọ́mì mi. Ó ti pẹ́.”

Ẹ̀rín dá. Ìbínú Táíyé náà rọ̀. “Àkúrẹ́ ni mò ń kó apákó yìí lọ. Bàbá, ẹ gòkè wá.”

“Rárá o. A ní ọkọ̀ tiwa.”

“Ọkọ̀ yín ò ṣáà lépo. Mo máa fi okùn wọ́ ọ ni.”

Tíṣà fọwọ́ pa irùngbọ̀n. “Wíwọ́ nìkan?”

“Wíwọ́ nìkan, sà.”

“Ó dáa. Mú okùn yẹn wá, kí n wò ó bóyá ó yi.”

Nígbà tí Táíyé ra epo tán, wọ́n gòkè sínú lọ́rì. Ara ọ̀pá jíà ni wọ́n so okùn mọ́, ọkọ̀ agolo wà lórí itan Monílọ́lá. Gbogbo ìgbà tí Táíyé bá ti yí jíà ni ọmọ náà ń pariwo pé, “Ẹ rọra wọ́ wa o!” Ó rọra wọ́ wọn dé ilé Ìbídùnní ní Àkúrẹ́.

Ìbídùnní ṣílẹ̀kùn. Ó ti rù. “Mọ́mì, mo wá gbé yín,” ni ọmọ náà wí. Ìbídùnní fà á mọ́ra, ó bú sẹ́kún. Tíṣà kọjú sí ilẹ̀kùn, ó ń ráhùn pé wọn ò kan ìṣó ibẹ̀ dáadáa. Ọmọ náà jẹun yó lọ́jọ́ yẹn.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Tíṣà kú, ó kú wọ́ọ́rọ́wọ́. Lẹ́yìn tí a sin ín tán, a jókòó nílé rẹ̀, Táíyé tó ti hu ewú tún sọ ìtàn yìí. A rẹ́rìn-ín títí omi ń bọ́ lójú wa.

Ìyá Ìbídùnní wá ní, “Ṣé ẹ rò pé ó kàn ṣèèṣì bọ́ síwájú lọ́rì yín ni?”

Táíyé yíjú sí i.

“Kùtùkùtù ọjọ́ yẹn ló ti lọ síbẹ̀, ó ń wádìí ibi tí oníkálukú ń lọ. Wọ́n ní Àkúrẹ́ ni lọ́rì apákó ń lọ. Ó fẹ́ bẹ̀ yín, ẹnu rẹ̀ ò gbà á. Ó padà wálé wá bá mi. Ó ní, ‘Ìyá Ìbídùnní, mi ò lè tọrọ. Ṣùgbọ́n mo lè ṣe bíi wèrè.’”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Monílọ́lá fi gèlè rẹ̀ bojú. Táíyé dìde, ó ṣí fìlà, ó kọjú sí fọ́tò Tíṣà lára ògiri.

“Bàbá,” ó ní, “ẹ ò bá ti kàn sọ fún mi. Ǹ bá gbé yín.”