Ẹ̀rọ Amúlétutù fún Ìyá Mi

Orí òkè Ọ̀kà, níbi tí atẹ́gùn pọ̀ sí, ni ìyá mi ti darúgbó kí n tó mú un wá sílé mi n'Íkàrẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àpáta ẹ̀yìn ilé wa máa ń gbóná bí ààrò. Dókítà ní ooru náà lè pa á. Mo lọ ra éésì, èyí tó kéré jù, torí àgbà kì í fẹ́ òtútù.

Bí mo ṣe tàn án, Màmá fa ìborùn bora. Ó ní, "Ẹ ti gbé mi dé mọ́ṣúárì nìyẹn." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù, àmọ́ ọ̀rọ̀ mọ́ṣúárì yẹn bà mí lẹ́rù.

Láti ọjọ́ náà, tó bá ní kí n tàn án, mo máa ń ní iná ò gbé e. Ó ń làágùn, mò ń parọ́. Lọ́jọ́ kan ló pè mí: "Iná tó ń gbé firísà aládùúgbò ò lè gbé tiwa? Tẹ́rù bá ń bà ọ́, bọ́ síta. Ooru ń pa mí."

Mo tàn án. Èmi baba ọlọ́mọ mẹ́fà jókòó sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mò ń ṣọ́ bó ṣe ń mí títí ilẹ̀ fi ṣú.